Ojú Aago Tí Bàbá Mi Fi Sílẹ̀

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni mo gbé aago ọwọ́ tí bàbá mi fi sílẹ̀ lọ bá àgbàlagbà ará Ìlọrin kan tó ń tún aago ṣe nítòsí gáréèjì ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Television. Ẹnìkan ní Abuja fẹ́ rà á, bí ojú aago náà bá jẹ́ ojúlówó. Iṣẹ́ abẹ orúnkún màmá mi ló ń dúró de owó náà.

Àgbà yìí kì í sọ̀rọ̀ láìkọ́kọ́ nu awò kékeré tó ń há sí ojú lẹ́ẹ̀mejì. Bí o bá ń yára, á ní, “Kánjúkánjú ló ń fọ́ gíláàsì.”

Ó fi hàn mí pé lẹ́tà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe aago ń tẹ̀ sójú rẹ̀ máa ń rí tẹ́ẹ́rẹ́. Ti aago wa nípọn, ìlà kan sì wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà mẹ́fà.

“Wọ́n ti tún un kùn,” ó ní. “Èmi ni mo kùn ún.”

“Bàbá, ṣé ó dá yín lójú?”

“Haba, ta ni kì í mọ ọwọ́ ara rẹ̀? Nígbà náà, bí ojú aago bá ti ṣá, oníbàárà á ní kí n sọ ọ́ di tuntun. Oore la rò pé à ń ṣe.”

Ó rẹ̀ mí. Mo ní ẹni Abuja náà lè má mọ̀.

“Ó lè má mọ̀. Ìwọ ti mọ̀.”

Mi ò lè sọ bóyá bàbá mi ló ní kó kùn ún, tàbí ẹni tó tà á fún un. Àgbà náà kọ ohun tó rí sórí bébà, ó sì bu ọwọ́ lù ú. Mo fi àwòrán bébà náà ránṣẹ́ sí Abuja. Mo rí i pé ẹni náà ti kà á. Kò tíì fèsì.