Mo Fi Ohùn Bàbá Àgbà Pe Màmá Àgbà

Ẹ gbà mí o, ẹ̀fẹ̀ mi gbòdì lónìí!

Tí ọdún Ọ̀ṣun bá dé, Bàbá àgbà àti Màmá àgbà máa ń pàgọ́ sí ẹ̀bá igbó, Màmá á sì máa dán oúnjẹ òyìnbó wò lórí ààrò. Léṣìí ni Bàbá kú.

Lónìí, Màmá ń se fúráìdì ráìsì nílé. Mo sá pamọ́ sẹ́yìn fèrèsé, mo wúkọ́, mo fi ohùn Ìjẹ̀ṣà Bàbá pariwo ohun tí wọ́n máa ń sọ fún Màmá:

"Ìyá Ìbejì! Ṣé oúnjẹ nìyí àbí ìyà?"

"Ẹ jókòó, Bàbá Ìbejì, ó ti fẹ́ jinná," Màmá dáhùn láìronú.

Ni ṣíbí bá dúró lọ́wọ́ Màmá. Mo fẹ́ sá lọ.

"Ìwọ ọmọ yìí, tún un sọ."

Mo tún un sọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Wọ́n ní kí n tún wá fi ohùn Bàbá pè wọ́n lọ́la. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé kí n lọ?