Nígbà Tí Mo Fẹ́ Gbé Ọmọ Lọ sí Ẹ̀gùá

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí èmi àti ọkọ mi kọ ara wa sílẹ̀, mi ò mọ̀ pé ó fẹ́ràn ọmọ wa tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí mo sọ fún un pé ìjọba ti gbé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mi kúrò ní Ìlaró lọ sí Ẹ̀gùá, nítòsí ẹnubodè ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ni ìfẹ́ náà ṣàdédé hó bí ọṣẹ.

"Ẹ̀gùá kẹ̀! O fẹ́ gbé ọmọ mi lọ fún àwọn Faransé?"

Mo ní Ẹ̀gùá kì í ṣe Kùtọnu. Kò gbọ́. Ó ní kọ́ọ̀tù tó tú wa ká náà ni yóò dá a.

Bí kọ́ọ̀tù ṣe pín ọmọ fún wa kò le. Ọmọbìnrin wa, ọmọ ọdún mẹ́jọ, á wà lọ́dọ̀ mi títí di ọjọ́ Ẹtì, á wá lo òpin ọ̀sẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ tí mo ń wí yìí, ọ̀dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ni, torí ilé ìyá rẹ̀ ni ọkùnrin náà sá padà sí nígbà tí mo kó jáde. Màmá ló ń wẹ̀ fún ọmọ, Màmá ló ń dirun fún un, Màmá ló ń mú un lọ sí ilé kéwú. Bàbá ń wo bọ́ọ̀lù.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, ó gbé agbádá wọ̀. Màmá àti ọmọ jókòó sẹ́yìn. Ó ṣàlàyé fún Ààrẹ kọ́ọ̀tù pé oorun kì í kùn òun bí òun ò bá rí ọmọ òun.

Ààrẹ, bàbá arúgbó kan tí kì í yára sọ̀rọ̀, bi í pé, "Kíláàsì wo lọmọ yín wà?"

Ó wo òrùlé. "Prámárì... Prámárì tuù, Olúwa mi."

"Dádì, Prámárì fóò ni mo wà o," ọmọ ké láti ẹ̀yìn.

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rín in jù. Nígbà tó kàn mí, mo dìde, mo ní nítorí ọmọ yìí nìkan ni mo ṣe fẹ́ lọ. Irọ́ ni. Wọ́n fẹ́ sọ mí di ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì níbẹ̀ ni. Ká ní inú igbó ni wọ́n gbé ipò náà sí, màá di ẹrù tẹ̀lé e.

Ààrẹ wá pe ọmọ. "Ìyá mi, ọ̀dọ̀ ta lo fẹ́ máa gbé?"

Mo tún gèlè mi ṣe, mo gbé ojú sókè.

"Ọ̀dọ̀ Màmá àgbà."

"Ìyá tó bí ẹ ńkọ́?"

"Màmá àgbà ni, sà."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Mo wo ilẹ̀, bàbá rẹ̀ náà wo ilẹ̀. Ó ti pẹ́ tí a ti jọ ṣe nǹkan kan pọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ààrẹ ní kí Màmá sọ tẹnu wọn. Wọ́n dìde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ jẹ́ kí ọmọ bá ìyá rẹ̀ lọ. Èmi náà á bá wọn lọ."

"Màmá!" Ọkọ mi àtijọ́ fò dìde. "Èmi wá ńkọ́? Ta ni ẹ fẹ́ fi mí sílẹ̀ fún?"

Màmá yíjú wò ó. "Ṣé kọ́ọ̀tù pín ìwọ náà fún mi ni?"

Bí mo ṣe kó dé Ẹ̀gùá nìyẹn, èmi, ọmọ mi àti ìyá ọkọ tí mo ti kọ̀. Àwọn ẹbí mi ní orí mi ti dàrú: ta ló ń ju ọkọ nù tó ń di ìyá ọkọ mẹ́rù? Ìgbà tí mo bá tibi iṣẹ́ dé, Màmá á ti bu oúnjẹ mi dè mí.

Sátidé méjì lóṣù ni kọ́ọ̀tù fún bàbá ọmọ. Gbogbo Sátidé ló ń wá. Ọ̀kadà á já a sílẹ̀, eruku pupa á bò ó dójú, àpò ńlá kan á sì wà léjìká rẹ̀. Àwọn aládùúgbò mi ní àwọn ò rí irú bàbá tó fẹ́ràn ọmọ báyìí rí. Aṣọ ìdọ̀tí ló kún inú àpò náà, Màmá sì ti ní kó gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, kó fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀.