Aṣọ Áńgẹ́lì Tí Mo Gé

Ọmọbìnrin méjì ni Ọlọ́run fi jíǹkí èmi àti ọkọ mi. Èmi ni mo bí ẹ̀gbọ́n, ó dúdú bí kóró iṣin. Àbúrò rẹ̀, oṣù mẹ́jọ ló wà nígbà tí a gbà á tọ́ láti ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí. Wọ́n ní òyìnbó kan tó wá ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Ìkẹjà ni bàbá rẹ̀, àti pé ìyá rẹ̀ kò lágbára láti dá tọ́ ọ. Ọmọ náà pupa fòò, irun rẹ̀ sì ń yọ̀ lọ́wọ́ bí mo bá ń dì í.

Ẹnu mi kì í gbófo, ẹni tó bá mọ̀ mí ló mọ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo gbé fóònù lọ tún ṣe ní Computer Village, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tú u wo ọmọ mi kékeré, ó wo èmi, ó ní, "Àǹtí, ọ̀gá yín tẹ́ ẹ̀ ń bá tọ́jú ọmọ yìí, ṣé GRA ni wọ́n ń gbé?"

Mo ní, "Ọ̀run ni ọ̀gá mi ń gbé. Òun ló fún mi lọ́mọ."

Ọmọ náà fa aṣọ mi, ó ní, "Mọ́mì, ebi ń pa mí o." Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí, ọkùnrin náà sì bẹ̀ mí. Irú ìjà bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ mi. Kódà, mo ti dìde rí nínú kíláàsì Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Ónígbòǹgbò, mo ní ẹ̀jẹ̀ kan náà ni Ọlọ́run fi dá gbogbo wa, ẹni tó bá ń fi àwọ̀ ya èèyàn sọ́tọ̀ ń bá Ẹlẹ́dàá jà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo jókòó, mo tún gèlè mi ṣe.

Télọ̀ ni mí. Ní ọdọọdún ni àwọn ọmọdé ṣọ́ọ̀ṣì wa ń ṣe eré Kérésìmesì, tíṣà wọn ló ń yan ẹni tó máa ṣe kí ni, èmi ni mo sì ń rán aṣọ eré náà. Áńgẹ́lì tó wá jíṣẹ́ fún Màríà ni gbogbo ọmọ fẹ́ ṣe, torí òun ló ń dúró lórí tábìlì, òun ló sì ní ìyẹ́. Ọdún mẹ́ta léraléra ni àbúrò ṣe é. Ẹ̀gbọ́n ṣe àgùntàn, ó ṣe ìyàwó onílé-èrò, ó tún padà ṣe àgùntàn. Bẹ́ẹ̀, ó mọ ọ̀rọ̀ áńgẹ́lì náà látòkè délẹ̀, ó máa ń sọ ọ́ bó bá ń fọ abọ́.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ó pé ọmọ ọdún mọ́kànlá. Tí ọdún bá ti yí, yóò bọ́ sí kíláàsì àwọn ọ̀dọ́, kò ní lè ṣe eré náà mọ́. Ó wá bá mi, ó ní, "Mọ́mì, áńgẹ́lì ni mo fẹ́ ṣe lọ́dún yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún tíṣà." Mo ní màá sọ.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, mo tẹ́ aṣọ funfun tí mo rà l'Ágége sórí tábìlì nínú ṣọ́ọ̀bù mi, mo mú àlùmọ́gàjí, mo gé e. Ẹ̀gbọ́n wọlé. Ó gbé aṣọ náà lé àyà. Kò gba èjìká rẹ̀, orúnkún ló sì parí sí.

Ó ní, "Mọ́mì, ta lẹ gé e fún? Tíṣà ò tíì mú ẹnì kankan."

N kò wọn ẹnikẹ́ni, ọwọ́ mi kàn lọ sí ìwọ̀n àbúrò tó ti mọ̀ ni. Mo fẹ́ di ẹ̀bi náà ru tíṣà, ṣùgbọ́n mo wá rántí pé láti ọdún mẹ́ta, mo ti máa ń gbé aṣọ áńgẹ́lì lọ kí wọ́n tó yan ẹnikẹ́ni. Ẹni tí aṣọ bá bá mu ni tíṣà ń mú. Èmi ni mo ti ń yan áńgẹ́lì fún wọn. Bí àwọn èèyàn bá sì ní, "Ẹ wo áńgẹ́lì gidi," ó máa ń dùn mọ́ mi dé egungun. Èmi tí mò ń bá onífóònù jà! Ojú tì mí débi pé n kò lè wo ọmọ mi.

Ó béèrè, "Ṣé ẹ fẹ́ràn ẹ̀ jù mí lọ ni?"

Mo kúnlẹ̀ nínú àjákù aṣọ. Ẹ̀rù bà á, ó dì mí lápá mú. "Mọ́mì, ẹ dìde, àwọn èèyàn á rí yín."

"Jẹ́ kí wọ́n rí mi," mo ní. "Mi ò fẹ́ràn ẹ̀ jù ẹ́ lọ. Kàlẹ́ńdà ara ògiri yìí, tí wọ́n ya áńgẹ́lì òyìnbó sí, ló kọ́ mi pé áńgẹ́lì gbọ́dọ̀ pupa, èmi náà sì gbà á gbọ́. Mo ṣẹ̀ ẹ́, mo ṣẹ Ẹni tó dá ẹ. Forí jì mí, ọmọ mi."

Ó fà mí dìde, ó gbọn òwú kúrò lára ìró mi.

Àbúrò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà nígbà tó wọlé tòun ti búrẹ́dì lẹ́nu. Ó ní áńgẹ́lì ti sú òun, kì í jà, kì í sáré, olùṣọ́-àgùntàn lòun fẹ́ ṣe kóun lè ní irùngbọ̀n. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Lọ́jọ́ Sunday, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún tíṣà. Mo ní n kò gbé aṣọ wá, kó yan ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ náà jù, màá wá wọn ọmọ náà. Ọmọ mẹ́rin dán an wò. Ẹ̀gbọ́n ló mú un. Aṣọ tí mo ti gé, ìyẹ́ ni mo fi ṣe.

Nígbà tó gun orí tábìlì lọ́jọ́ eré, tó ń dán nínú aṣọ funfun, mo sunkún bí ọmọdé. Irùngbọ̀n àbúrò já bọ́ sórí àgùntàn, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì sì bú sẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn eré, ọmọbìnrin kékeré kan tó dúdú bí ẹ̀gbọ́n wá fọwọ́ kan ìyẹ́ náà. Ó ní, "Ṣé èmi náà lè ṣe é?"

Ọmọ mi ní, "O lè ṣe é. O kàn máa kọ́kọ́ kọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀ ni."

Ọmọ náà dúró ṣánṣán, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ẹyọ kan sílẹ̀. Ó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. A kò kàn bi í rí ni.