Ọmọ Télọ̀ Tó Ń Sanra Nínú Ààwẹ̀

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ẹnu rẹ̀ máa ń ṣáájú ẹsẹ̀ rẹ̀ ní Ìkòsì, ẹ má wulẹ̀ jìnnà, ẹ béèrè Muideen télọ̀. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í dé ẹnu rẹ̀ kó má fi iyọ̀ sí i. Kì í fi tépù wọn èèyàn lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ojú òun gan-an ni tépù.

Lọ́jọ́ kìíní oṣù Ramadan, Faridah ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ní òun náà fẹ́ gbààwẹ̀. Kó tó di aago mẹ́sàn-án àárọ̀, Muideen ti ròyìn rẹ̀ fún oníbàárà, fún alágbàfọ̀, àti fún ọkùnrin kan tó kàn ń béèrè ọ̀nà. "Kì í ṣe ààwẹ̀ ìdajì ọjọ́ táwọn ọmọdé ń gbà o! Full ni!" Orí Aunty Catherine, oníbàárà rẹ̀ tó ń ti Mende wá, wú. Ló bá ń gbé bisikíìtì, ṣuwíìtì àti ṣin-ṣín wá fún ọmọ náà pé kó fi ṣínu. Faridah a kúnlẹ̀, a dúpẹ́, a ní òun ń kó o pamọ́ di ìrọ̀lẹ́.

Muideen rán gáùn ọdún fún un lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́fà kí ọdún dé, Faridah wọ̀ ọ́ wò, síìpù kọ̀ jálẹ̀. Muideen fà á, ó mí kanlẹ̀, ó tún fà á. Síìpù já. Ó bú aṣọ pé ó súnkì, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì fọ̀ ọ́ rí. Ó bú tépù. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù wá bà á lóòótọ́: bí ojú òun bá ti ń bà jẹ́ ńkọ́, kí lòun máa fi bọ́ ilé? Pé ọmọ tó ń gbààwẹ̀ lè sanra, kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn.

Èèrà ló tú àṣírí. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó rí wọn tí wọ́n tò lọ sábẹ́ tábìlì tó fi ń gé aṣọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tẹ̀ lé wọn dé ìdí àpò àjákù aṣọ, ó sì gbé àpò náà kúrò. Faridah ló jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì wú, ọ̀rá ṣuwíìtì yí i ká bí ẹni tó pàtẹ.

"Faridah! Kí ló wà lẹ́nu ẹ?"

"Kò fí ńfkan, Daddy," lọ́mọ náà fi ẹnu kíkún dáhùn.

Muideen gbé ọwọ́ sókè. Ọmọ bú sẹ́kún.

"Daddy, ebi pa mí lọ́jọ́ kejì. Ẹ sì ti sọ fún everybody. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Tí mo bá ti ráyè, mo máa ń yára jẹ gbogbo ẹ̀ kí ẹnì kan tó wọlé."

Ọwọ́ Muideen wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ní tiwọn, ẹnu bàbá ló kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ. Ojú tì í gidigidi. Ó mọ̀ pé bí òun bá nà án, ibi ìsápamọ́ mìíràn ni yóò wá. Ó tún mọ ohun tó yẹ kóun ṣe, ó kàn jẹ́ pé pàṣán ì bá rọ òun lọ́rùn jù ú lọ.

Lọ́jọ́ kejì, bí Faridah ṣe ti ilé ìwé dé, Muideen palẹ̀ tábìlì mọ́, ó ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù gbayawu, ó sì gbé ìrẹsì àti ẹ̀wà síwájú rẹ̀ ní gbangba. Òun tó ń gbààwẹ̀ jókòó tì í, ó ń gbé itọ́ mì. Ta ló kọ́kọ́ wọlé bí kò ṣe Aunty Catherine, tòun ti páálí bisikíìtì.

"Ha! Ọ̀gá Muideen, Faridah ò gbààwẹ̀ lónìí ni?"

Muideen wo ilẹ̀, ó wo òrùlé.

"Aunty, látọjọ́ kejì ni ò ti gbà á mọ́. Ẹnu mi ló ń bá a gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gbé bisikíìtì yẹn lọ."

Faridah wo bàbá rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ẹnikẹ́ni ò lé. Nígbà tó ku díẹ̀ nínú abọ́, ó tì í sápá kan.

"Daddy, mo ti yó."

Muideen ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ọmọ náà látìgbà tóṣù ti lé. Ó yára bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó ń wá abẹ́rẹ́ tí kò sọ nù.