Òtútù Tí Mo Jí Bá

Aṣọ ni mo ń wọ̀n fún oníbàárà ní ìsọ̀ wa ní Alabar, ní Kumasi ilẹ̀ Gánà, nígbà tí nǹkan gún mi nísàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún. Mo ní nǹkan oṣù ni. Oṣù lọ, ìrora ò lọ.

Dókítà ní àpò omi kan ti hù lára ilé ẹyin mi. Wọn ò ní la ikùn mi. Ihò kékeré ni wọ́n máa lu sí ìdodo, wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ikùn kó lè wú, wọ́n á wá ti kámẹ́rà tín-ín-rín wọlé. Láwọn ọdún 1990 yẹn, iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ ṣì ṣàjèjì ní Kumasi. Ẹ̀rù bà mí. Ṣé táyà lèmi ni?

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, òtútù ni mo jí bá. Eyín mi ń lu ara wọn, ibùsùn ń mì. Èjìká mi ń ro mí gan-an, bẹ́ẹ̀ ikùn ni wọ́n ṣe. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnu mi ò gbọ́ tèmi.

Ìyá mi fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi. Lọ́dọ̀ wa, tí ẹsẹ̀ aláìsàn bá ti tutù, ọ̀run ló ń lọ. Wọn ò pe nọ́ọ̀sì. Wọ́n gbẹ́nu sún mọ́ etí mi, omijé wọn ń kán sí mi lọ́rùn.

"Rafatu, me ba, ọmọ mi, wí tẹ̀lé mi: Lá iláha illa Lláhu."

Ohun tí wọ́n ń kà sétí ẹni tó ń kú lọ nìyẹn. Jìnnìjìnnì bò mí. Mo gbà pé tí mo bá fi lè wí i, mo ti lọ nìyẹn, ni mo bá pa ẹnu mi dé pinpin. Ìyá mi rò pé mo ti ń kú lọ láìwí i, wọ́n figbe ta.

Igbe yẹn ló gbé nọ́ọ̀sì wá. "Maame, gyae su! Ɔrenwu. Awɔ na ɛde no." Ó ní kí ìyá mi má sunkún mọ́, pé mi ò ní kú, òtútù lásán ni.

Ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò mí nípọn, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ fún mi, ó gún mi lábẹ́rẹ́ ìrora. Ó ṣàlàyé pé oògùn oorun kì í jẹ́ kí ara lè mú ara rẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ tútù tí wọ́n fẹ́ síkùn sì tún fi kún un. Afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́ kù níkùn ló ń ti awọ abẹ́ àyà, tí èjìká fi ń ro. Tí mo bá ń rìn díẹ̀díẹ̀, á lọ. Ó sì lọ lóòótọ́.

Ìwọ tó fẹ́ ṣe irú rẹ̀, tètè sọ fún ará ilé rẹ pé òtútù lè wá. Kí wọ́n pe nọ́ọ̀sì.

Nígbà tí gbígbọ̀n náà dáwọ́ dúró, ojú ń ti ìyá mi. Wọ́n ní, "Wí i báyìí náà, Rafatu. Alààyè náà máa ń wí i."

Mo wí i, mo sì sunkún. Ara mi ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé oore ńlá ni kí ara èèyàn lọ́ wọ́ọ́rọ́.