Ọjọ́ Tí Mo Fọ Ère Wúrà Ẹ̀gbọ́n Mi

Èmi ni mo ba nǹkan jẹ́ lọ́jọ́ tí n kò lè gbàgbé yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ire ni mo rò.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ogun Búmà bọ̀ sí Ugbonla, ìlú wa létí òkun, pẹ̀lú ère kékeré kan, òrìṣà àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, idẹ tí wọ́n fi wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò. Òyìnbó kan tó ń kó irú ère àtijọ́ bẹ́ẹ̀ jọ ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá rà á. Àwọ̀n ìpẹja tuntun ni ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi owó rẹ̀ rà, nítorí tirẹ̀ ti ya.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí òyìnbó náà ń bọ̀, ó wa ọkọ̀ lọ pàdé rẹ̀. Mo rí i pé ère náà dúdú lójú àti lọ́rùn. Nílé wa, àlejò kì í bá idẹ nínú ìdọ̀tí. Mo bu yanrìn etí òkun, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo sì fi háhá àgbọn ha á títí ó fi ń kọ mọ̀nà.

Nígbà tí wọ́n dé, òyìnbó gba ère náà, ó yí i wò. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ta ló fọ wúrà yìí dànù?"

Ẹ̀gbọ́n mi wo ọwọ́ mi tó kún fún yanrìn. "Èmi ni, sà."

Òyìnbó padà sínú ọkọ̀ lọ́wọ́ òfo. Ni Ìyá Àìná, aládùúgbò wa, bá bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ wá wo Afọwúràdànù! Ṣé ìkòkò ọbẹ̀ lo pè é ni?"

Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbọ́n mi títí dòní, àwọ̀n yíya náà ló sì ṣì ń jù. Bí wọ́n bá ti pè é bẹ́ẹ̀, inú á bí mi sí ara mi. Mo ṣì jẹ ẹ́ ní gbèsè: kí n dìde láàárín ará Ugbonla, kí n sọ pé èmi ni orúkọ yẹn tọ́ sí.