Bàtà Tó Wọlé Tí Kò Jáde

Nínú ọ̀sẹ̀ tí ọmọ mi obìnrin fẹ́ rin ìrìn àjò lọ sí Colorado ni ẹsẹ̀ ọ̀tún mi há nínú gáréèjì wa ní Fulshear.

Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ ló fẹ́ lọ. Wọn ò fẹ́ jókòó sórí àga tí wáyà ń fà gòkè bíi ti àwọn tó kù. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi gun òkè yìnyín, pẹ̀lú pátákó ski lábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó wá máa yọ̀ bọ̀ nísàlẹ̀. Mo bi í pé ta ló ń lé wọn. Ó ní, "Mummy, it's fun."

Àlòkù ló rà. Ọwọ́ ẹnì kan ló ti ra bàtà, ọwọ́ ẹlòmíràn ló ti ra pátákó. Irin kan wà lórí pátákó kọ̀ọ̀kan tó ń gbá bàtà mú níwájú àti lẹ́yìn. Bàtà náà, ike líle ni, ó ga dé ojúgun, rọ́bà tó nípọn sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ nítorí ìrìn orí òkè. Mo bi í bóyá bàtà ẹni yìí bá irin ẹni yẹn mu.

"Ó wọlé, Mummy. It clicked."

"Mi ò bi ọ́ bóyá ó wọlé."

"Kí lẹ wá ń bi mí?"

Mi ò mọ ohun tí mò ń bi í. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tó wà ní ọmọ ọwọ́, kò sí ògì tó mu tí mi ò kọ́kọ́ kán sẹ́yìn ọwọ́ ara mi. Ìwọ̀n bàtà kan náà sì ni àwa méjèèjì ń wọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń wọ tèmi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láì tọrọ. Nítorí náà, lọ́jọ́ ìsinmi mi, lẹ́yìn tó ti wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní The Woodlands, mo wọ tirẹ̀.

Òsì ni mo kọ́kọ́ dán wò. Mo tẹ gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ró gbà. Mo lọ́ ẹsẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó fẹ́ ṣubú, bàtà sì jáde kúrò lórí pátákó. Àyà mi já. Irú irin wo nìyí tí kò lè di ọmọ mú? Ọ̀tún ló wù mí. Ó le kó tó wọlé, mo ní láti fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tó gbá mi mú, ó dì bí ọ̀já ìyá àgbà. Mo lọ́ ẹsẹ̀, kò mira. Mo ní, bó ṣe yẹ kí ìkejì náà rí nìyẹn.

Nígbà tí mo fẹ́ jáde, kò jẹ́. Mo fọwọ́ tẹ irin ẹ̀yìn gìgísẹ̀, kò lọ sísàlẹ̀. Mo tú gbogbo ohun tó de bàtà, mo fa ẹsẹ̀, ike náà fún mi lọ́rùn ẹsẹ̀ bíi páìpù. Àárín mọ́tò àti fíríísà nìkan ni mo ti ráyè tẹ́ pátákó náà sí: imú rẹ̀ wà lábẹ́ mọ́tò, ìdí rẹ̀ kan fíríísà, mi ò lè yí síbì kankan. Fóònù mi wà ní kíṣìnì. Bọ́tìnnì tó ń ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì wà lára ògiri, mo kàn ń wò ó ni.

Oòrùn ń sun òrùlé. Mo jókòó lórí àpò ìrẹsì, òógùn bò mí. Aládùúgbò wa ń gé koríko níta. Mo fẹ́ pariwo, mo wá rò ó: kí ni màá sọ? Pé bàtà mú mi? Wọ́n á pe ambulance, wọ́n á pe police, gbogbo àdúgbò á jáde wá wòran. Mo panu mọ́.

Nítorí pé kò sí ohun mìíràn láti ṣe, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ẹsẹ̀ náà, díẹ̀díẹ̀. Pátákó dúró. Bàtà dúró. Orúnkún mi ló ń yí. Mo tún un ṣe, orúnkún náà ni. Ara mi tutù nínú ooru yẹn. Ká ní eré ni mò ń sá bọ̀ láti orí òkè tí mo sì ṣubú, egungun ì bá ti kán kí bàtà tó jáde. Òsì tó já mi láyà, òun ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni ilẹ̀kùn tó ká sókè. Ọmọ mi dúró, ó ń wò mí.

"Jesus! Mummy! Ẹ̀yin náà fẹ́ lọ ski ni?" Ó ti yọ fóònù.

"Ya fọ́tò yẹn kí o rí i. Wá yọ mí!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹyọ kan péré. Aunty wa tó wà ní Stafford gbọ́dọ̀ rí eléyìí."

"Ṣé mo jọ ẹni tó ń ṣeré?"

Ó fi ẹsẹ̀ tẹ irin náà, kò gbọ́. Ó gun orí rẹ̀, ó fò mọ́ ọn títí. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. Nígbà tí bàtà jáde, ó ró bí ìgbà tí igi ṣẹ́.

Ó lọ mú àpòòwé ọrẹ ṣọ́ọ̀ṣì nínú mọ́tò. Ó ti bàtà òsì mọ́ pátákó rẹ̀, ó ki àpòòwé náà bọ abẹ́ iwájú bàtà, ó fà á, àpòòwé jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ṣe bákan náà ní ọ̀tún. Àpòòwé ya.

"Rọ́bà yẹn nípọn jù fún irin yìí, kò fi àyè sílẹ̀ kí bàtà lè yí," ó ní. "Mo gbé irin iwájú ti òsì sókè. Sukúrù ti ọ̀tún ti dógùn-ún, kò yí."

"O mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Mo rò pé mo lè manage ẹ̀."

Mo fẹ́ ní kó má lọ mọ́. Ó rí i lójú mi, ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ń wo ọrùn ẹsẹ̀ mi tó ti wú. "Màá rẹ́ǹtì níbẹ̀, Mummy. Bàtà àti irin tó bára wọn mu. Mo ṣèlérí."

"Kí n rí i bó ṣe ń jáde," mo ní. "Wíwọlé kọ́."

Ní Sátidé, ó pè mí lórí fídíò. Gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ funfun. Ó gbé fóònù lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ó tẹ gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀, ó lọ́ ẹsẹ̀ òsì, bàtà fò jáde.

"Ẹ ti rí i? Ṣé ọkàn yín ti balẹ̀?"

Mo ní, "Ó ku ọ̀tún."